Àgbò Kan, Okùn Méjì

Abena Pokuaa ọmọ mi,

Kíláàsì tí ẹ ń wí nínú kọ̀ǹpútà ni àwòrán àgbò. Àgbò tó ń ké lẹ́yìnkùlé ni ohun tí a fi àwòrán náà dá. Okùn tó wà lọ́wọ́ ẹni kì í ṣe àgbò o, ọ̀nà tí a fi ń dé ọ̀dọ̀ àgbò ni. Ṣé o rí i pé èmi bàbá rẹ, Opanyin Kwabena Asabere, kò gbàgbé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí o kọ́ mi lórí fóònù? Ṣé àlàáfíà lo wà ní Akra? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí orí rẹ dàrú níbẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní ṣé ò ń rí fùfú jẹ, àbí búrẹ́dì ni wọ́n fi ń tàn ọ́.

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe yé mi ni mo lò ó. Bonsra aládùúgbò wa fẹ́ ra àgbò mi kan ṣoṣo láti fi bẹ ìyá ìyàwó rẹ̀ nítorí pé ó bú u. Ntiamoah olórí akọrin, òun náà fẹ́ rà á. Mo so okùn méjì mọ́ ọn lọ́rùn, mo fún oníkálukú ní tirẹ̀, mo gba owó lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, mo sì fi ra pàánù bo ilé ìdáná.

Ntiamoah fá irun àgbò. Bonsra dé, ó ń pariwo pé ta ló fá àgbò òun bí opó. Mo ní kó fara balẹ̀, pé ohun tí ẹnì kan bá ṣe láti ojú okùn tirẹ̀, ẹni tó di okùn kejì mú náà á rí i. Inú mi dùn pé ẹ̀kọ́ rẹ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, Ntiamoah pa á jẹ. Bonsra fa okùn tirẹ̀ títí, òfìfo ló fà. Ó ní àgbò òun dà. Mo ní ọ̀rẹ́ mi, okùn rẹ ò já o.

Ló bá wọ́ mi lọ síwájú ìyá ọba. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé, mo tilẹ̀ fi èédú ya àgbò sí ògiri ààfin kí Bonsra lè gba kíláàsì ná. Bonsra ní kí n fi se ọbẹ̀ kí òun rí i. Agbẹnusọ ìyá ọba bi mí bóyá èso kòkó ló já lù mí lórí. Ìyá ọba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ni wọ́n bá dájọ́ pé kí n wá àgbò fún Bonsra, kí n sì wá òmíràn fún ààfin nítorí ògiri wọn. Bí Sátidé bá kọjá tí n kò mú wọn wá, wọn á ká pàánù mi. Òjò sì ti dé, ìyá rẹ ní bí òjò bá pa iná òun, inú yàrá mi lòun á ti máa dáná.

Nítorí náà, ọmọ mi, fi owó àgbò méjì ránṣẹ́ sórí fóònù Tíṣà Amponsem. Ọwọ́ tí o fi ń tẹ kọ̀ǹpútà kò ní rọ, ohun tí o bá dá á máa mí. Ṣùgbọ́n má so okùn méjì mọ́ owó kan ṣoṣo o. Fi ọ̀kan ránṣẹ́, dúró kí Tíṣà kà á sí mi lọ́wọ́, kí o tó fi èkejì ránṣẹ́.