Ìyìn, Má Dúró De Ẹlẹ́ẹ̀kejì

                                        Agboolé Aláró,
                                        Ìlọrà,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        2 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ìyìn, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí a ti pínyà lẹ́yìn ìsìnkú Màmá. Ṣé o jí dáadáa? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Bàbá ń kí ọ. Wọ́n ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń pe Màmá kí wọ́n tó rántí.

Fóònù ni ǹ bá fi bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lo ti gé e mọ́ mi létí láti àná. Lẹ́tà kò ṣeé gé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí, mo sì fi rán Sìrájù, tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ yìí.

O ní bí o ṣe ń fa omi nínú kànga lánàá ni orí kàn dédé fọ́ ọ, bíi pé ẹnìkan la igi mọ́ ọ ní ìpàkọ́. O bì, ọrùn rẹ sì le gbagidi. O ní o ti lo oògùn, ó sì ti rọlẹ̀. Ìyìn, ti Màmá náà rọlẹ̀.

O kò sí nílé nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ké, "Orí mi o!" Kò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló dé góńgó. A ní ibà ni. A da omi tútù sí wọn lórí, wọ́n lo oògùn ibà, wọ́n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin tí ẹ ti ń yan aṣọ òkú, ẹ dá a padà sínú àpótí, n kò tíì lọ."

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí a tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn ńlá, nítorí ọrùn wọn kò yí dáadáa mọ́. Wọ́n ya àwòrán orí wọn, wọn kò rí nǹkan kan. Bùrọ̀dá Obadiah, àbúrò Màmá, ti ń pariwo pé ògo ni fún Ọlọ́run. Dókítà ní ká fara balẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá dé láàárín wákàtí díẹ̀ tí irú orí fífọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwòrán á fi ẹ̀jẹ̀ tó jò yí ọpọlọ ká hàn; bí ọjọ́ bá ti gorí ọjọ́, ẹ̀jẹ̀ náà á ṣá, àwòrán lè má rí i mọ́. Ó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ ní ọ̀pá ẹ̀yìn wọn. Bí omi náà bá mọ́ gaara, ká máa lọ sílé. Bó bá pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀jẹ̀ ti jò, ó sì tún lè jò.

Bùrọ̀dá fàáké kọ́rí. "Kò sẹ́ni tó máa gún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn! Ẹni tí wọ́n fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ ní Akínmọ́rìn, ṣé ó tún dìde?"

Dókítà dá a lóhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àìsàn tó gbé e wá ló pa á, kì í ṣe abẹ́rẹ́."

Bùrọ̀dá ní kó lọ kọ́kọ́ fa ti ìyá tirẹ̀ ná. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ bàtà wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a jó lọ síwájú ìjọ, a dúpẹ́ pé ẹ̀rọ kò rí àìsàn, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Lọ́jọ́rùú tó tẹ̀lé e, ẹlẹ́ẹ̀kejì dé. Wọn kò tilẹ̀ ké. Abọ́ ló kàn bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Bàbá sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá Màmá ṣe ṣubú lóko, tí wọ́n ní ayé ló ṣe é. Dókítà sì ti sọ pé àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí.

Jọ̀ọ́, bí o bá ti ka lẹ́tà yìí, kí ọkọ rẹ gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Má sọ pé orí ń fọ́ ọ lásán, wọn á fún ọ ní oògùn ibà. Sọ pé òjijì ni, pé irú rẹ̀ kò ṣe ọ́ rí, kí o sì sọ ti Màmá àti ti ìyá wọn. Bí àwòrán kò bá rí nǹkan, ní kí wọ́n fa omi ẹ̀yìn rẹ wò. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ dúpẹ́ kí wọ́n tó rí àwọ̀ omi yẹn.

Mo gbọ́ ohun tí o wí, pé aṣọ ilé ìwé tí àwọn òbí ń dúró dè kún ṣọ́ọ̀bù rẹ. Bí ọkọ mi bá ti ti Jọ́bẹ̀lẹ̀ dé láti jókòó ti Bàbá, èmi náà á wọ mọ́tò lọ́sàn-án yìí. Ẹ má dúró dè mí. Ẹ kàn fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún aládùúgbò yín.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Ibi tí o bá rán aṣọ wọ̀nyẹn dé ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, n óò sì máa rán wọn lọ títí wàá fi dé.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń bọ̀ lọ́nà,
                                        Tèmítọ́pẹ́.