Ìrọ̀rí Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

                                        Yàrá Kẹjọ, Òkè Kejì,
                                        Òtẹ́ẹ̀lì Ẹ̀yìn Yunifásítì,
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àbúrò rẹ tó máa ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́? Ara tèmi le. Ẹnu mi nìkan ni kò kọ́kọ́ ríṣẹ́ ṣe, torí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Mo gbọ́ pé iṣẹ́ yóò gbé ọ lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Ìyẹn ni mo ṣe sáré kọ̀wé, nítorí ojú mi ti rí nǹkan lọ́wọ́ ìrọ̀rí òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ṣì ń kun ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dà, ni ilé-ìwé bá kó àwa tuntun síbí. Ìrọ̀rí tí mo bá lórí bẹ́ẹ̀dì rọ̀ débi pé bí mo bá gbórí lé e, etí mi méjèèjì a fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Ojú tì mí láti béèrè èyí tó le. Mo bá ká ṣòkòtò dúdú mi, ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣeé wọ̀ jáde, mo tì í bọ inú àpò ìrọ̀rí. Mo sùn bí ọba.

Láàárọ̀, mo lọ wẹ̀ ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí n tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ ti bọ́ àpò ìrọ̀rí lọ, wọ́n ti fi òmíràn sí i. Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Tèmi, ṣòkòtò gan-an ló bá àpò lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ̀ọ̀kan yóò dìde ní kíláàsì, tí yóò sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ta ni yóò gbé itan lásán lọ ṣe irú àlàyé bẹ́ẹ̀?

Mo ró táwẹ́ẹ̀lì, mo di ìrọ̀rí kékeré aláràbarà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mú níwájú bí apata, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ìfọṣọ. Ìyá kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ìyá Funfun bi mí ohun tí mò ń wá. Ìtìjú kò jẹ́ kí n dárúkọ ṣòkòtò. Mo ní ìrọ̀rí mi ló sọnù.

"Irú ìrọ̀rí wo, ọmọ mi?"

"Èyí tó ní ẹsẹ̀ méjì ni, mà."

Ìyá Funfun nawọ́ sí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ṣòkòtò mi ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín àwọn àpò ìrọ̀rí tó funfun tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ti di aláwọ̀ eérú. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, orí ìrọ̀rí kékeré yẹn ni mo sì kúnlẹ̀ lé. Ìyá Funfun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní èmi lẹni àkọ́kọ́ tó rí iṣẹ́ gidi fún un, pé ọ̀ṣọ́ lásán ni, àwọn kì í fọ̀ ọ́ bí ti ìyókù, kí ẹnikẹ́ni má gbé ojú lé e. Èmi tí mo ti ń dì mọ́ ọn láti ọjọ́ tí mo ti dé! Wọ́n ní kí àlejò má sì fi nǹkan pamọ́ sínú àpò ìrọ̀rí, torí àwọn kì í wo inú rẹ̀ kí wọ́n tó dà á sínú ẹ̀rọ. Ìrọ̀rí tó le wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Bí kò bá sí, kí n pe ìsàlẹ̀.

"Máa béèrè, ọmọ mi. Ẹnu kì í ya nítorí ìbéèrè."

Wọ́n mú kí ṣòkòtò náà gbẹ, wọ́n lọ̀ ọ́ títí ojú ìlà rẹ̀ fi lè gé búrẹ́dì. Nígbà tó kàn mí ní kíláàsì, mo dìde. Ọmọbìnrin tó wà ní yàrá kejì sí tèmi ló bi mí bóyá èmi ni onírọ̀rí ẹlẹ́sẹ̀ méjì, torí ó ti béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ohun tó sọ àpò ìrọ̀rí tirẹ̀ di aláwọ̀ eérú. Mo ní èmi ni. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn mi nítorí ìrọ̀rí. Èmi náà a rán wọn lọ wo òkè kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tí kò bá rí, mo fún un ní tèmi. Ìrọ̀rí kékeré aláràbarà yẹn nìkan ló kù lórí bẹ́ẹ̀dì mi báyìí. N kò gbọdọ̀ gbé ojú lé e, n kò sì nílò kí n dì mọ́ ọn mọ́.

Bá mi kí Màmá, kí o sì sọ fún àbúrò rẹ pé kó jẹ́ kí o jẹun yó kí o tó rìnrìn àjò.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ ti ríṣẹ́,

Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì.