Wọ́n Bi Ràódátù Léèrè

Àbdùlwàhàb, àkọ́bí mi,

Ṣé ara le ní Kútọnu? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí òkun ibẹ̀ gbé ọ lọ, kò sì ní jẹ́ kí o gbàgbé ilé, àmín. Àwa náà wà ní Bobiel níbí, a dúpẹ́, àfi iyanrìn tó ń bá wa jẹun. Àbúrò rẹ Ràódátù ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó sì ti fajú ro kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan wá láti yunifásítì, wọ́n ní àwọn ń wo bí àwọn ọmọ ṣe ń fi wàláà oníná kàwé nílé ìwé Ràódátù. Kì í ṣe wàláà kéwú o, gíláàsì ni, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ràódátù mú ọ̀kan wálé, mo ti bu omi kí n fọ̀ ọ́, kí n gbé omi rẹ̀ fún un mu kí ìwé lè yé e, ló bá figbe ta.

Ọ̀gá wọn, Màdáàmù Zubaidat, wá bá bàbá yín, ó ní òun wá tọrọ àyè lórí Ràódátù. Ó mú ọṣẹ àti ṣúgà dání, ó ní kí bàbá yín tẹ̀ka síwèé, ó wá yíjú sí ọmọ, ó ní ṣé ìwọ náà gbà? Ta ni kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Mo ní alárenà ni. Mo ní kó má bínú, Àlájì Ṣẹ̀rífù tó ń ta aṣọ ní Lasaréètì ti tọrọ rẹ̀, bàbá yín sì ti fún un. Màdáàmù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohùn àti àwòrán ọmọ náà lòun ń tọrọ fún ìwádìí, bó bá sì kọ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ràódátù ní kí wọ́n gba ohùn òun, kí wọ́n fi ojú òun sílẹ̀. Wọ́n sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́!

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá yín lára. Ó ní àlejò bi ọmọ òun léèrè nítorí ohùn lásán, òun tóun bí i kò bi í nítorí ọkọ. Ó pè é, ó bi í. Ràódátù ní òun fẹ́ kàwé tán ná. Bàbá yín ní ó dáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màdáàmù yẹn títí, Ọlọ́hun á bá mi san án fún un.

Ó wá ku ẹrù Àlájì tí a máa dá padà. Aṣọ wà, àmọ́ obì rẹ̀ ni a ti jẹ tán, èmi ni mo sì jẹ èyí tó pọ̀ jù. Jọ̀ọ́, fowó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra òmíràn. Ohun tí o máa ná kò ní tán lọ́wọ́ rẹ, ọmọ tìrẹ náà á gbọ́ tìrẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, Àsíyàt.

Bọ̀ọ̀dá, èmi Ràódátù rèé. Màmá ò mọ̀ pé mo fi èyí sí i. Nígbà tí Bàbá bi mí, ẹ̀yìn mi ni mo kọ́kọ́ wò. Mo rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.