Òkúta Mọ́kànlélógún Tí Mo Tò Sínú Igbó

Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, tí ń gbé yàrá kejìlá ní àjà kẹta ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí gbogbo ará ilé náà mọ̀ sí Wúyẹ́wúyẹ́, ni mo ń sọ ìfẹ́ inú mi fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Orí mi pé, ọkàn mi balẹ̀ dé ìwọ̀n, kò sì sí ẹni tó fi ipá mú mi. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló sọ mí ní Wúyẹ́wúyẹ́, nítorí pé gbogbo ìgbà tí mo bá kí i ni ó máa ń ní, "Kí lo wí?", tí n ó sì tún un sọ.

Lọ́la, Ọjọ́bọ̀, ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ láti yọ kókó kan tó wà lọ́rùn mi. Dókítà ní iṣẹ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn ní àyè kan fún orúkọ ẹni tí wọn yóò ké sí nínú ìlú yìí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo sì jókòó ti àyè náà fún ìdajì wákàtí, torí kò tíì ju oṣù mẹ́jọ lọ tí mo dé. Orúkọ tí mo kọ síbẹ̀ nígbẹ̀yìn ni ti Màmá Lẹ́tà, tí wọ́n máa ń mú wa rin igbó ní Sátidé. Mi ò tíì sọ fún wọn.

Mo yan ẹni tí a jọ ń gbé yàrá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò mú ìhágún yìí ṣẹ.

1. Èmi kò ní ilé. Apá tèmi nínú yàrá kejìlá, ìyẹn ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo fi í sílẹ̀ fún ará-yàrá mi, tó ti ń ṣojúkòkòrò sí i láti oṣù kìíní.

Ìjà kan ṣoṣo la jà, bàtà mi ló sì fà á. Mo ti inú igbó dé nínú òjò, ará-yàrá mi dìde lórí ìwé rẹ̀, ó di imú, ó ní, "Wúyẹ́wúyẹ́, kí ló kú sínú bàtà ẹ?" Mo gbé bàtà náà síta, mo sì di kùnrùngbùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá bàtà náà lẹ́nu ọ̀nà, ìwé ìròyìn àtijọ́ ti kún inú rẹ̀ kí ó lè gbẹ. Títí dòní, a kò sọ̀rọ̀ rẹ̀.

2. Bàtà náà, mo fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nílé, nítorí ẹsẹ̀ wa dọ́gba.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù nígbà tí mo sọ ibi tí mo ń lọ ní gbogbo Sátidé. "Ìwọ tó o máa ń sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí àlejò bá dé, ta ló tàn ẹ́ wọ igbó?" Ẹ̀gbọ́n mi, pátákó kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé ló tàn mí. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni: *Ẹ wá bá wa rìn. Ẹ kò ní láti sọ̀rọ̀.* Gbólóhùn kejì ló mú mi.

3. Ṣọ́bìrì ọlọ́wọ́ kékeré mi àti agolo onídèérí tí mo fi ń kó ìdọ̀tí, mo dá wọn padà fún Màmá Lẹ́tà, tó fún mi ní méjèèjì.

Fún àǹfààní ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n: ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Màmá Lẹ́tà fi fẹsẹ̀ pín lẹ́tà nínú ìlú yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ará ìlú bí a ti ń gbádùn igbó láìba nǹkan kan jẹ́ níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ igbó, yóò tú àpò rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, Màmá Lẹ́tà yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú rẹ́jísítà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà tí a gbọ́dọ̀ fọwọ́ gbà: bisikíìtì méjì, ọ̀rá méjì, ọsàn mẹ́ta, èèpo ọsàn mẹ́ta. Nígbà tí a bá ń jáde, wọn yóò pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a fi ọ̀rá àti èèpo hàn wọ́n.

Tíṣà kan wà láàárín wa tó ní èèpo ọsàn yóò ṣáà jẹrà. Màmá Lẹ́tà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Tíṣà, tí n bá da èèpo ọsàn sí pálọ̀ yín, ìyẹn náà á jẹrà. Ṣé kí n máa bọ̀?" Tíṣà padà sínú igbó, ogójì ìṣẹ́jú lọ, ogójì bọ̀, a sì dúró dè é. Lónìí, òun ló ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣa èèpo tiwọn.

Wọ́n kọ́ wa pé kí a tẹ àárín ẹrẹ̀ gba ọ̀nà kọjá. Bí gbogbo ènìyàn bá ń yà fún ẹrẹ̀, ọ̀nà á máa fẹ̀, koríko á máa kú. Wọ́n kọ́ wa láti jókòó sórí àpáta, kí a dijú, kí a ka oríṣiríṣi ohùn tí a bá gbọ́. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀, tí ojú ń ti gbogbo wa, wọ́n gbé ṣọ́bìrì sókè: "Kò sẹ́ni tí kì í ṣe é. Ibi tá a ṣe é sí lọ̀rọ̀ wà." Kí ó jìnnà sí odò ní àádọ́rin ìṣísẹ̀, kí ihò jìn tó ọwọ́, kí a sì bò ó dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni ara ti tù mí láàárín wọn.

4. Ológbò aláwọ̀ eérú tó máa ń wá sí fèrèsé wa kì í ṣe tèmi, nítorí náà n kò lè há a fún ẹnikẹ́ni. Màmá Lẹ́tà kọ́ wa pé ẹranko tí a bá ń fún lóúnjẹ kò ní mọ bí a ti ń wá a mọ́. Ṣùgbọ́n ẹja kékeré kan ní àárọ̀ kò pọ̀ jù. Kí ará-yàrá mi máa ṣe é lọ, kí ó sì pa ẹnu mọ́.

5. Gbèsè. N kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ohun tí mo jẹ ni ọ̀rọ̀ kan.

Ní àárín ọ̀sẹ̀, bí ìdánìkanwà bá wọ̀ mí lára, èmi nìkan máa ń lọ sínú igbó. Ní oríta tó wà lókè odò, mo ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Ojú tì mí láti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí n lè mọ ọ̀nà padà, mo bá to òkúta mẹ́ta léra wọn ní oríta náà, mo tò mẹ́ta mìíràn níwájú, títí mo fi dé etí omi. Ojú ibi méje ni. N kò kà á sí ìdọ̀tí. N kò mú un wá láti ilé, n kò sì mú un jáde. Rẹ́jísítà kò lè rí i.

Àwọn ènìyàn rò pé àwọn òṣìṣẹ́ igbó ló to òkúta náà, wọ́n ń tẹ̀ lé e. Láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀nà tuntun ti là dé etí odò. Koríko rírọ̀ tó wà níbẹ̀ kú, etí odò ya lulẹ̀, omi pọ́n. Ohùn ọ̀pọ̀lọ́ méjì la máa ń kà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A kò gbọ́ ìkankan mọ́.

Ọ́fíìsì igbó ní ọ̀kan nínú àwa tí Màmá Lẹ́tà ń mú wọlé ló ṣe é, wọ́n sì gba báàjì àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò pè wọ́n láti pinnu bóyá wọ́n tún lè mú ènìyàn wọ igbó láéláé. Ní Sátidé tó kọjá, Màmá Lẹ́tà kó wa jọ sídìí bẹ́ǹṣì. "Ẹni yòówù kó ṣe é, ẹ̀yìn mi ló tẹ̀ lé wọlé. Èmi ni mo ṣe é." Wọ́n ṣí rẹ́jísítà, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ara wọn: òkúta mọ́kànlélógún. Wọ́n ti lọ kà á. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo dúró sí. Mo la ẹnu. Kò sí ohun tó jáde.

6. Kí ará-yàrá mi mú abala karùn-ún lọ sí ọ́fíìsì igbó lẹ́yìn ikú mi.

Mo gbé bírò sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo kọ èyí, mo sì tún un kà. Bí ọ̀rọ̀ dókítà bá jẹ́ òótọ́, n ó jí lọ́la, ìwé yìí yóò wà nínú dúrọ́ọ̀, Màmá Lẹ́tà yóò sì dá dúró níwájú wọn ní ọjọ́ Ẹtì. Ṣé ó wá di dandan kí n kú kí n tó lè sọ̀rọ̀?

7. Mo fagi lé abala kẹfà. Èmi fúnra mi ni n ó mú ìwé yìí lọ, lónìí. Bí mo bá jí lọ́la, n ó wà lára àwọn tí yóò kó ẹ̀ka gbígbẹ dí ọ̀nà èké náà títí koríko yóò fi padà. Bí n kò bá jí, kí wọ́n bá mi dí i, kí ẹnikẹ́ni má sì to òkúta kankan sórí ibojì mi.

Mo fọwọ́ sí i:
Wúyẹ́wúyẹ́

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, aago méjì ọ̀sán. Aago mẹ́rin ni ọ́fíìsì igbó ń tilẹ̀kùn.

Àwọn ẹlẹ́rìí:

Télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé. Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ló ti fọwọ́ sí i, ojú mi ló ṣe.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ojú tèmi náà ló ṣe. Mo bi í pé níbo ló ń sáré lọ báyìí. Ó dá mi lóhùn, n kò sì ní kó tún un sọ.