Bàbá Tó Ń Bá Wa Gbá Ṣọ́ọ̀bù

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò mọ irú kíkí tí wọ́n ń kí ẹni tó ti lọ sí ibi tí ẹ wà. Ká ní ẹ ṣì wà láyé ni, màá ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin náà á sì bi mí pé ta ló so mí mọ́lẹ̀ tí mi ò fi yọjú. Láti ìgbà tí a ti ṣe fídáù yín ni mi ò ti dé ẹ̀gbẹ́ ibojì yín mọ́. Mò ń sọ fún Màámi pé iṣẹ́ ló pọ̀. Iṣẹ́ kọ́. Ojú yín ni mò ń sá fún.

Màámi wà dáadáa. Odò tún kún wọ Ajégúnlẹ̀ lọ́dún yìí, ó dé àtẹ̀gùn kejì, àmọ́ ó fà kó tó wọ yàrá. Ṣòkòtò iṣẹ́ yín tó kún fún ọ̀dà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí ẹ fi kọ́ sí, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà ní Kétu, ariwo kẹ̀kẹ́ kò dín kù, obìnrin tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì ń béèrè yín bí ẹni pé ẹ kàn lọ kírun ni.

Ẹ rántí bí gbogbo wọn ṣe fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò yìí. Géèmù tí àwọn ará Japan ṣe fún ara wọn nìkan, tí wọn kò yí sí èdè Òyìnbó rárá, ni mo ní mo fẹ́ máa tà ní Kétu. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣe sẹ́kọ́ńdìrì, tó ń kó páàtì mọ́tò tòkunbọ̀ ránṣẹ́ láti ọ̀hún, ló ń bá mi ki páálí kan sáàárín ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní ta ni wèrè tó máa ra géèmù tí kò lè kà. Wọn ò mọ̀ pé àwọn wèrè náà pọ̀. Wọ́n ti rí i lórí fóònù, ó ti wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n á ti gbé síídì padà wá. Ojú ìwé àkọ́kọ́ lásán ni wọ́n há sí.

Àsìkò yẹn náà ni iṣẹ́ yín dákú. Láti Kétu dé Ìkòsí, Àátíìsì ni wọ́n ń pè yín, kò sì sí òpópónà tí síńbọ́ọ̀dù yín kò sí. Àfi ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń tẹ bánà dé, tí wọ́n ń tẹ ohun tí ẹ ń fi ọjọ́ mẹ́ta kọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ wá ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní ẹ kàn fẹ́ máa rí ènìyàn.

Ìwé mẹ́fà lẹ kà, èmi jáde pólì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ìwé àwọn ará Japan, yánpọnyánrin ni mo rí. Ẹ̀yin wò ó, ẹ ní ọwọ́ ènìyàn ló kọ ọ́, ohun tí ọwọ́ bá sì kọ, ó ní ibi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ibi tí ọwọ́ gbé dúró. Ẹ yọ pẹ́ńsùlù etí yín, ẹ fi ahọ́n kan ẹnu rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n sínú ìwé ọmọléèwé kan. Èyí tó dà bí fèrèsé, ẹ pè é ní Fèrèsé. Èyí tó ya ẹsẹ̀, ẹ pè é ní Arìnrìnàjò. Kí oṣù tó parí, ẹ ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ni wọn, lẹ́tà méjì ni, bẹ́ẹ̀kọ́ wọn, lẹ́tà mẹ́ta. Ẹ̀yin náà lẹ rí i pé lórí pádì wọn, bọ́tìnnì tó ní àmì róbótó ni wọ́n fi ń gbà, oní-ẹ́kìsì ni wọ́n fi ń kọ̀. Èmi tí géèmù Òyìnbó ti mọ́ lára ń tẹ ẹ́kìsì ṣáá, mo ń jáde níbi tó yẹ kí n wọlé. Ẹ rẹ́rìn-ín títí, ẹ ní ṣé níbo ni tíṣà ti ń fi ẹ́kìsì sọ fún ọmọ pé ó gbà á.

Ẹ kì í kọ ìlà kan sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà kẹta, ẹ á ní kí n di pádì mú, ẹ̀yin á máa kà á jáde, èmi á máa tẹ̀ ẹ́, ká lè mọ̀ bóyá ó yé ẹlòmíràn. Bí mo bá ní ó ti tó, ẹ á ní ṣọ́ọ̀kì ló ń ṣáájú ọ̀dà. Bí ẹ ṣe ń ṣe síńbọ́ọ̀dù nìyẹn: ẹ ó kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa gbogbo rẹ̀, ẹ ó jìnnà sí i, ẹ ó wò ó, nítorí pé ṣọ́ọ̀kì ṣeé nù, ọ̀dà kò ṣeé nù. Bí ogún géèmù lẹ kọ ìwé atọ́nà rẹ̀ lédè Yorùbá, kò sì sí ọ̀kan tó ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Mo ṣe fọtokópì wọn, mo ń fi wọ́n kún síídì fún kọ́sítọ́mà. Orúkọ mi ni mo kọ síwájú ìwé. Ẹ rí i. Ẹ kàn ní kí n fún lẹ́tà rẹ̀ ní àyè díẹ̀ sí i, wọ́n fún pọ̀.

Bàbá, èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí Ẹnjiníà kọ́kọ́ wá ni, ọkùnrin gíga tó ń gbé Magodo, tó máa ń gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sórí bíi fìlà. Géèmù oko ló ń wá, èyí tí wọ́n fi ń dáko, tí wọ́n ń kọ́lé sínú rẹ̀. Ó ṣí ìwé yín, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ní làákàyè, ta ni. Ẹ wà lórí àpótí yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń rẹ gàárì, ẹ̀pà wà lọ́wọ́ yín kejì. Mo ní èmi ni. Mo ní ọdún méjì ni mo fi kọ́ èdè Japan fúnra mi. Irọ́ yẹn nìkan ì bá tó. Ó wá wò yín, ó wo ṣòkòtò ọlọ́dà, ó wo ẹsẹ̀ yín tó wú, ó ní ṣé bàbá mi nìyẹn, pé ojú wa jọra. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Rárá o, sà. Bàbá tó ń bá wa gbá ṣọ́ọ̀bù ni."

Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́, nítorí ọwọ́ yín dúró nínú abọ́. Lẹ́yìn náà ẹ dìde, ẹ mú ìgbálẹ̀, ẹ gbá ibi tí ọkùnrin náà dúró sí, ibi tí èmi fúnra mi ti gbá láàárọ̀. Ẹ fi àkísà nu àga fún un. Ẹ ní, "Ẹ jókòó, sà. Ọ̀gá wa á dá yín lóhùn."

Láti ọjọ́ náà, bí kọ́sítọ́mà bá ti wọlé, Ọ̀gá lẹ ń pè mí. Bí a bá délé, ẹ á fi oríkì pè mí, ẹ á bi mí bóyá mo ti jẹun. Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí? Ẹ̀yin tí ẹ nà mí nígbà kan rí nítorí pé mo fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà? Ṣé ó dùn yín débi pé ẹ ò rí ẹnu sọ ọ́ ni, àbí ẹ rò pé bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn? Mo ti wá àwáwí títí. Mo ní kọ́sítọ́mà kò ní gba iṣẹ́ oníwèé mẹ́fà gbọ́. Mo ní òwò ni òwò. Irọ́ ni. Mò ń tijú yín ni, Bàbá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n lè rí i lójú.

Ó tún kù o. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn tí a sin yín, Ẹnjiníà wá, ó rí i pé àpótí yín ṣófo, ó béèrè yín. Òórùn tùràrí ṣì wà ní gbogbo ara mi. Mo ní bàbá ti padà sí abúlé.

Ikú yín kò dá irọ́ náà dúró, ó kàn gba ọwọ́ tó ń bá mi gbé e lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá Jàpáàn ni gbogbo ènìyàn ń pè mí nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó lè kọ ìwé mọ́. Ní oṣù tó kọjá, Ẹnjiníà ra ẹ̀rọ géèmù tuntun, ó sì fẹ́ kó oko inú géèmù rẹ̀ láti inú èyí àtijọ́ bọ́ sínú rẹ̀. Oko yẹn, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ dá a, kí ọmọ náà tó lọ kàwé ní Kánádà. Ọmọ náà kọ́lé síbẹ̀, ó gbin ọsàn yí i ká. Ẹnjiníà sọ fún mi pé bí àárò ọmọ bá ń sọ òun, òun á tan ẹ̀rọ, òun á kàn máa rìn káàkiri àárín ọsàn náà.

Ó ní kí n kọ bí òun ṣe máa ṣe é sílẹ̀. Irú ẹ̀rọ méjèèjì wà lórí káńtà níwájú mi, ó yẹ kí n dán an wò. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Jàpáàn ni mí. Mo gbé fóònù sí ojú ẹ̀rọ kó bá mi túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, fóònù sọ kántankàntan, mo fi èrò ara mi dí àlàfo rẹ̀, mo sì ti kọ ọ́ tán kí ọkùnrin náà tó mu mínírà rẹ̀ dé ìdajì.

Ọjọ́ Ajé ló padà wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó jẹ̀bi. Ó ní, "Ọ̀gá Jàpáàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó dà bíi pé mi ò ka ìwé yín dáadáa. Ẹ̀rọ yẹn tiẹ̀ bi mí léèrè, ọkàn mi ò balẹ̀, àmọ́ mo ní ìwé yín ò parọ́ rí, mo bá tẹ̀ ẹ́. Oko yẹn ti lọ o." Ó na ìwé náà sí mi kí n fi hàn án ibi tó ti ṣì í. Mo kà á. Òdìkejì ni mo kọ. Dípò kó kó oko sínú ẹ̀rọ tuntun, òfìfo inú ẹ̀rọ tuntun ni mo ní kó dà bo oko mọ́lẹ̀. Ó ṣe ohun tí mo kọ láìyẹ̀ ẹyọ kan. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ó máa ń ṣẹlẹ̀, sà." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ.

Ẹni tí mo pa oko rẹ̀ run ń bẹ̀ mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lọ jìnnà. Lánàá tó jẹ́ Àbámẹ́ta, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Magodo. Níwájú ilé rẹ̀ ni mo bá a, ó ń rẹ́ òdòdó. Mi ò jókòó. Mo sọ fún un pé ọwọ́ mi ló pa oko náà run. Mo sọ pé mi ò gbọ́ èdè Japan kankan, pé bàbá ẹnu ọ̀nà ló kọ gbogbo ìwé yòókù, pé bàbá mi ni, pé ó ti kú.

Ó gbé sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Oko yẹn, á dùn mí, á dun ọmọ mi, a máa dá òmíì. Bàbá ẹ tó o sẹ́ ńkọ́?" Ojú gbà mí tì débi pé igi òdòdó ni mò ń wò.

Ó wá sọ ohun kan fún mi tí mi ò mọ̀. Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo lọ gbẹ́rù, òun wá, òun bá ẹ̀yin nìkan. Ọkàn òun kò gba ohun tí mo sọ fún òun, torí ojú wa jọ jù. Òun bá bi yín gbangba pé, "Bàbá, ọ̀gá yín yìí, ṣé ó ń tọ́jú yín?" Ó ní ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ọmọ dáadáa ni, sà. Ká ní èmi ni mo bí i ni, ǹ bá máa fi í yangàn."

Bàbá, ẹ̀yin lẹ bí mi.

Èmi ni,
Ọmọ yín.