Gbèsè Ìpolówó Tí Ọkọ Mi Fi Sílẹ̀

                                        Ojúlé Kẹtàlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Àwọn Ọmọdé,
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹwàá.

Akọ̀wé mi ọ̀wọ́n, àbúrò ọkọ mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ? Ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Ẹ sì tún kú ará fẹ́ra kù. Èmi tí mo rí i sin ń sọkún, ẹ̀yin tí ẹ kò rí i sin ń sọkún lókèèrè; n kò mọ èyí tó sàn nínú méjèèjì. Ara tèmi le. Mo ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀.

Ẹkún kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà. Mo gbọ́ pé Bọ̀dá àgbà ti pè yín, wọ́n ní mo ti ń fi dúkìá àbúrò wọn tọrẹ. Ẹ má bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ni. Ẹ gbọ́ tèmi náà.

Ẹ ti rìnrìn-àjò kí ọkọ mi tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ. Oníbàárà kọ́kọ́ ṣọ̀wọ́n, ló bá lọ bá ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gbohùngbohùn. Ọkùnrin yìí ní ọkọ̀ kékeré kan tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí lórí; láràárọ̀ ló fi ń yí àdúgbò ká, tó ń polówó ọjà àwọn ènìyàn. Ọkọ mi kò jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ tirẹ̀. Ohùn ara rẹ̀ ni wọ́n gbà sílẹ̀: "Ẹ kó o wá ní dídọ̀tí, ẹ gbé e lọ ní dídán! Ẹni tí aṣọ ẹ̀ bá mọ́, àna ẹ̀ á fẹ́ràn ẹ̀!" Ìparí oṣù ni Gbohùngbohùn máa ń gba owó. Kì í sì í dá ìpolówó dúró àfi tí olówó rẹ̀ bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ pé ó tó, torí àwọn onílara ti fi ìròyìn èké dá ti ẹlòmíràn dúró lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ẹ mọ ìyókù. Ẹ̀rọ ìfọṣọ jóná, aṣọ oníbàárà wà nínú rẹ̀. A san owó aṣọ títí a kò fi ní nǹkan kan mọ́, oṣù méjì kọjá a kò rí ti Gbohùngbohùn san. Àìsàn wá dá ọkọ mi dùbúlẹ̀, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ó kú. Kò sẹ́ni tó lọ sọ fún Gbohùngbohùn. Oṣù kan gbáko lẹ́yìn ìsìnkú, ohùn ọkọ mi ṣì ń kọjá níwájú ilé, ó ń pe àwọn ènìyàn wá sí ṣọ́ọ̀bù tí onílé ti gbà lọ́wọ́ wa.

Ní Sátidé tó kọjá, Gbohùngbohùn wá. Bọ̀dá wà níbẹ̀, wọ́n wá wo jẹnẹrétọ̀ tí àwọn fẹ́ gbé lọ sílé àwọn. Òun nìkan ni ohun tó níye lórí tó ṣẹ́kù. Ọkùnrin náà kí wa kú ọ̀fọ̀, ó jókòó sétí bẹ́ǹṣì, ó ní owó oṣù mẹ́rin ni.

"Oṣù mẹ́rin kẹ̀?" Bọ̀dá fò dìde. "Ṣé òkú ló máa fọ aṣọ tí ò ń polówó ni?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ò mẹni tó kú. Epo ló mọ̀."

"O ò rí àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn? Ojú ẹ fọ́ ni?"

Ó ní òun rí i, òun rò pé onítọ̀hún rìnrìn-àjò ni. Ó ní ó dáa, kí á yọ oṣù méjì tó kẹ́yìn, kí á san méjì tí ṣọ́ọ̀bù fi ṣí. Bọ̀dá ní kò ní rí kọ́bọ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ ti lọ, kí ó lọ bá a níbẹ̀.

Akọ̀wé mi, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ọkọ mi san owó aṣọ tó jóná dórí bọ́tìnnì. Ṣé inú sàréè ni wọ́n á ti wá máa pè é ní ajigbèsè? Mo kúnlẹ̀, mo ní kí Bọ̀dá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo ní oṣù méjì tí ṣọ́ọ̀bù fi ṣí, gbèsè wa ni. Èyí tí a fi tì í pa, Gbohùngbohùn rí àgádágodo, kò béèrè; kí ó fi jìn wá. Ó gbà. Mo ní, "Àmọ́ oṣù tó kẹ́yìn, màá san án."

"Ìyàwó, ṣé orí ẹ pé ṣá? Òun fúnra ẹ̀ ló fi jì ẹ́!"

"Bọ̀dá, èmi ni oníbàárà oṣù yẹn. Àràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ọ. Ilé ọkùnrin yìí ò jìn. Mi ò lọ sọ fún un pé ó tó, torí mi ò fẹ́ kó tó."



Gbohùngbohùn gbé jẹnẹrétọ̀ fún oṣù méjì náà. Fún oṣù tó kẹ́yìn, èmi ni n ó máa fọ aṣọ ilé rẹ̀, n ó máa lọ̀ ọ́, títí yóò fi pé. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mò ń lò báyìí, ó sì ti jó mi lọ́wọ́. Bọ̀dá bínú jáde, wọn kò jẹ́ kí n sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Tí ẹ bá rí i pé mo ṣàṣejù, ẹ bá mi wí, ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. N kò ní ẹ̀gbọ́n ọkọ méjì.

Kí Gbohùngbohùn tó lọ, ó béèrè ohun tí mo ti ń sá fún. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ni ín báyìí. Ṣé kí n máa bá a lọ, àbí ó tó?" N kò ní ọwọ́ tí n ó fi fọ aṣọ oṣù mìíràn. Mo ní ó tó.

Ó ní òun yóò pa ohùn náà rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ kí àyè lè wà fún ti ẹlòmíràn. Fóònù tèmi kò lè gbà á, torí náà mo fún un ní nọ́ńbà yín, kí ó fi ohùn náà ránṣẹ́ sí yín kí ó tó pa á rẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Tó bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ jókòó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín láàárín. Wọ́n ní kí wọ́n tún un gbà, ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má tíì jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ẹ ṣáà bá mi tọ́jú rẹ̀.

Èmi tiyín lọ́jọ́ dídùn àti lọ́jọ́ kíkan,
Ìyàwó yín.