Má Wá Jímọ̀, Kò Gbé Kọ̀ǹpútà Náà Lọ

Rẹ̀míláyọ̀,

Jímọ̀ tó ń ra irin àlòkù wá láàárọ̀ yìí láti gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí à ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mo pè é. Ó yẹ kí n ti bi ọ́ ná.

Kí ó tó gbé e, mo tan án, mo sì tẹ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn dáhùn, títí kan àwọn tí atẹ́gùn òkun ti bà jẹ́. Ìgbà náà ni ìyá rẹ wá sọ pé o ti tú u, o fi sípírítì nu ọ̀rá pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì náà, o sì fọ bọ́tìnnì nínú asẹ́ ògì òun.

Jímọ̀ ní, “Bàbá Rẹ̀mí, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n wá kó pàǹtí?”

Mo ní, “Èwo ni pàǹtí? Ọmọ mi ti tún un ṣe. Máa ti ọmọlanke rẹ lọ.”

O fi M sípò N, pààrọ̀ wọn. Máa fi aṣọ bò ó. Fọ asẹ́ ìyá rẹ.

Ẹ̀gbọ́n Jímọ̀ ní irú kọ̀ǹpútà yìí ní Ìbẹ̀jú, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Jímọ̀ bẹ̀ mí kí n bá wọn wò ó. Mo ní èmi kọ́ ni mo mọ̀ ọ́n tún ṣe, kí wọ́n gbé e wá nígbà tí o bá wà nílé.

Bàbá rẹ